Ta Ló Pe Albertine Láti Báǹkì?

Bébà kékeré kan ló wà lórí tábìlì Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lùkúmọ́nù ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, epo pupa ti kán sí i, ó sì ti rún. Ìwé ìpè ni, irú èyí tí pọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní tẹlifóònù nílé, pé kí ó yọjú ní aago báyìí, ẹnì kan fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ọdún kẹwàá ìjọba àwọn ológun là ń wí yìí. Tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà náà kò ju mọ́kànlá lọ, nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi irú bébà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́.

Obìnrin tó ni bébà náà dúró níwájú tábìlì, ó ń wo àga tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jókòó lé.

"Àga yẹn gan-an ni mo wá yá, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. "Èyí tó ní apá méjèèjì yẹn. Ọ̀la nìkan ni. Mo ní àlejò láti báǹkì."

Albertine ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Élisabeth ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Ọmọ Bessé ni, ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé Lùkúmọ́nù. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi se oúnjẹ fún àwọn olówó ní Kútọnu kí ó tó padà wálé, gbogbo ohun tó rí níbẹ̀ ló sì wà ní báǹkì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló fẹ́ fi rà, kí àwọn obìnrin Bessé, ìyá tó bí i pẹ̀lú wọn, lè yé fi orí ru àgbàdo wá sí Ṣábẹ̀ẹ́ wá lọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí. Ó ti ròyìn rẹ̀ títí, àwọn kan ti ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́rọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Kútọnu.

Lùkúmọ́nù kò dìde lórí àga. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí òun sí. Ó ti ṣiṣẹ́ tẹligíráàmù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó di ọlọ́pàá. Ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín kí ó tó bi èèyàn ní ìbéèrè, àwọn olè Ṣábẹ̀ẹ́ sì bẹ̀rù ẹ̀rín yẹn ju kòbókò lọ. Ó rín in báyìí.

"Kí ni báǹkì fẹ́ wá ṣe nílé rẹ, Ìyá Élisabeth?"

"Wọ́n pè mí lánàá ní aago mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n! Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ orúkọ mi, ó mọ nọ́mbà lífúrẹ̀ mi!" Lífúrẹ̀ ni ìwé kékeré tí báǹkì fún un, tí wọ́n fi ń kọ owó tó wà níbẹ̀. Albertine fọwọ́ kan àyà rẹ̀ níbi tó so ó mọ́ sábẹ́ bùbá. "Ó ní gbogbo lífúrẹ̀ ti di ti àtijọ́, wọ́n ń pààrọ̀ wọn. Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú wá sí Kútọnu. Aṣojú wọn á bá ọkọ̀ ojú irin aago méjì dé lọ́la, yóò wá gbà á lọ́wọ́ mi nílé, màá sì tẹ̀ka sí bébà kan fún un."

"Bí o kò bá fún un ńkọ́?"

Ayọ̀ ojú Albertine dínkù díẹ̀. "Ó ní ẹni tí kò bá tíì fi sílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, owó rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. Ó sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, nítorí àwọn olè."

"O wá sọ fún ọlọ́pàá."

"Ẹ̀yin kì í ṣe ẹnikẹ́ni, Ẹ̀gbọ́n. Aládùúgbò mi ni yín."

Ní igun yàrá, Issa dìde fùú. Issa ni ọlọ́pàá kékeré tó ń tẹ̀lé Lùkúmọ́nù kiri. Irun imú rẹ̀ pọ̀, ìkánjú rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. "Jìbìtì ni, Ọ̀gá! Ẹ jẹ́ ká lọ mú un!"

"Ká lọ mú ta?"

Issa jókòó padà.

"Ó lè jẹ́ jìbìtì, ó sì lè jẹ́ òótọ́," ni Lùkúmọ́nù wí. "Àwọn báǹkì a máa pààrọ̀ ìwé. A ò ní méfò, báǹkì fúnra rẹ̀ la máa bi. Ìyá Élisabeth, ṣé ọkùnrin yẹn fún ọ ní nọ́mbà tí o lè fi pè é?"

"Ó ní kí n má pè, òun ló máa ń pè."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yí lífúrẹ̀ rẹ sẹ́yìn kí n rí i." Albertine yọ ọ́, ó dì í mú gírígírí, Lùkúmọ́nù sì na ọrùn wò ó. "Nọ́mbà báǹkì rèé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún ọ ní ìwé yìí, ẹni tó pè ọ́ lánàá kò sì lè yí i padà. Òun la máa pè."

* * *

Ìpè Kútọnu kì í yára. Ó tó wákàtí kan kí Brigitte, obìnrin tó ń so okùn tẹlifóònù pọ̀ ní pọ́ọ̀sì, tó pariwo pé, "Kútọnu, inú kabíìnì!" Lùkúmọ́nù àti Albertine há ara wọn mọ́ inú àpótí onígi náà, òógùn bò wọ́n. Tẹlifóònù yẹn ní etí kékeré kejì lẹ́yìn. Lùkúmọ́nù gbé e fún Albertine kí òun náà lè gbọ́.

"A ti múra fún ìyípadà!" ni ohùn kan bú jáde láti Kútọnu.

"Ìjàkadì ń bá a lọ!" ni Lùkúmọ́nù dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lórí tẹlifóònù ìjọba nìyẹn láyé ìgbà náà, kódà bí ilé bá ń jóná lórí ẹni. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè bóyá báǹkì ń pààrọ̀ lífúrẹ̀, àti bóyá aṣojú wọn kan ń bọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́.

"Aṣojú? Ẹ̀n, kamaráàdì Clément ti gba ọ̀nà òkè lọ lọ́sẹ̀ yìí. Parakou ló ní òun ń lọ."

Albertine fi ìgúnpá gún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ṣé ó máa ń gba lífúrẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn nílé wọn?"

"Èmi ò lè mọ̀yẹn o, kamaráàdì. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń ṣọ́. Gbogbo àwọn ọ̀gá wà ní ìpàdé, ẹ bá wa dúró díẹ̀, kí n lọ wò ó bóyá..."

Wọ́n dúró. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ bàtà bàbá náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, òógùn ń kán sílẹ̀ ní àgbọ̀n Lùkúmọ́nù.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta!" ni ohùn Brigitte já wọ etí wọn. "Ṣé ẹ ń bá a lọ?"

Albertine fò sókè, ó forí gbá igi kabíìnì. "Ta nìyẹn?" Kí Lùkúmọ́nù tó dáhùn, nǹkan kan dún ṣákálá nínú okùn, ọ̀rọ̀ sì gé. Ó di kí wọ́n tún tò fún wákàtí mìíràn.

Bí wọ́n ṣe jáde, ńṣe ni Albertine ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ fúnra yín! Clément ló ń bọ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní àga mi."

"Òótọ́ ni, Ọ̀gá," ni Issa wí. Òun náà ti yí padà. "Báǹkì ti sọ ọ́."

Lùkúmọ́nù ń fi áńkáṣì nu ọrùn. Ó ń wo Albertine, ẹ̀rín rẹ̀ ti ń yọ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi fò sókè nínú kabíìnì?"

"Ẹnì kan ló kàn já lu ọ̀rọ̀ wa! Ẹ̀rù bà mí."

"Lánàá, nígbà tí ọkùnrin yẹn ń bá ọ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ yín?"

"Rárá. Èmi àti òun nìkan ni."

"Ẹ ò pẹ́ lórí ẹ̀ nìyẹn."

"A ò pẹ́ kẹ̀! Ó bi mí ní orúkọ ìyá mi, ó bi mí ní ọjọ́ ìbí mi, ó ka nọ́mbà, ó ní kí n kà á tẹ̀lé òun, ó tún kà á. Nígbà tí mo wọlé, Safiatou tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lánàá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé omi tíì kaná níbí yìí. Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti ń mu ife kejì."

Lùkúmọ́nù yíjú sí Brigitte. "Ọmọ mi, ṣé ìpè láti Kútọnu lè kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ má wọ inú rẹ̀?"

"Ọ̀gá, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́! Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta la gbọ́dọ̀ wọlé, kí ẹni tó pè lè mọ̀ pé owó ń gun owó. Ìpè inú ìlú níbí nìkan la kì í dá sí, torí òun kò ní ìṣẹ́jú." Ó ṣí ìwé ńlá kan. "Ẹ wò ó. Lánàá ní ọ̀sán, Kútọnu pe ilé iṣẹ́ ṣúgà ní aago mẹ́ta. Parakou pe àwọn Fadá ní aago márùn-ún. Kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì."

Lùkúmọ́nù gbé bébà ìpè Albertine sókè. "Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ìlú tí ìpè ti wá sí ńkọ́? Ó ṣófo."

"Inú ìlú nìyẹn. A kì í kọ ọ́."

"Ìyá Élisabeth," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí, ó sì rọra sọ ọ́, "Clément wà lóòótọ́, ó sì wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pè ọ́, Kútọnu kò sì pè ọ́. Ṣábẹ̀ẹ́ níbí ni ẹni náà jókòó sí."

Albertine jókòó sórí àpótí ẹrù kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà rẹ̀ mú. Ọdún mẹ́sàn-án ìdí iná àwọn ẹlòmíràn ló rò, ó sì rí ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà Bessé, àgbàdo lórí. Ìtìjú mú un, ìbínú sì tẹ̀ lé e. Ó ti pa adìyẹ sílẹ̀ de olè!

* * *

"Ó yé mi báyìí," ni Issa kígbe kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà pọ́ọ̀sì. "Safiatou ni! Òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lánàá, òun ló so ìpè pọ̀, ó mọ̀ pé inú ìlú ló ti wá, kò sì sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bá ọkọ̀ ojú irin sá lọ sí Parakou! Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ní ibùdó."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń sọ lórúkọ ní Parakou!" ni Brigitte pariwo láti inú. "Gbogbo ìlú ló mọ̀!"

"Issa, jókòó," ni Lùkúmọ́nù wí, bẹ́ẹ̀ Issa wà lórí ìdúró ní títì. "Bí Safiatou bá wà nínú ẹ̀, kí ló máa ṣe nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́ta?"

Issa rò ó. "Ó máa... ó máa wọlé, ó máa ní, 'Ìṣẹ́jú mẹ́ta.'"

"Kí irọ́ lè jọ òótọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò lè gbàgbé. Ẹni tó pè ni kò mọ̀ nípa ìṣẹ́jú mẹ́ta rárá. Ojoojúmọ́ ló ń lo tẹlifóònù, ó mọ̀ ọ́n pè, ó mọ̀ ọ́n kí, ṣùgbọ́n inú Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan ló ń pè sí. Kò tíì bá Kútọnu sọ̀rọ̀ rí láyé ẹ̀." Ó yíjú sí Albertine. "Fi etí rẹ padà sí àná. Yàtọ̀ sí ohùn ọkùnrin yẹn, kí lo tún gbọ́?"

Albertine di ojú. "Nǹkan kan ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Bí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dà sílẹ̀, wààà. Á dákẹ́, á tún dà. Ẹnì kan sì ń pariwo nọ́mbà lókèèrè."

"Òjò ni," ni Issa wí.

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, Issa."

"Ṣúgà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ṣúgà ní tẹlifóònù."

"Ṣúgà kì í dún wààà. Ìyá Élisabeth, ta ló ti rí lífúrẹ̀ rẹ yàtọ̀ sí ìwọ?"

"Kò sí! Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni..." Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ kúrò láyà. "Áà. Ẹ̀gbọ́n, ní dépò kajú ni. Mo lọ ta kajú ìyá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àfi kí n mú ìwé tó ní fọ́tò wá kí wọ́n tó sanwó. Káàdì mi wà ní Bessé, mo bá yọ lífúrẹ̀ fún wọn láti ojú ihò fèrèsé."

"Ó ha pẹ́ nínú ilé?"

"Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi wọn àpò mẹ́ta. Mo ti rò pé ìwé tó ní fọ́tò lásán ni."

Issa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Lùkúmọ́nù kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ìdajì àwọn obìnrin tó ń ta kajú ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe káàdì.

* * *

Dépò Souleymane wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Parakou, àwọn òkè àpáta dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ni Albertine ti dúró gan-an. Nínú ilé, wọ́n ń tú àpò kajú dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì. Wààà. Ó dákẹ́. Wààà.

"Òun nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n! Òun gan-an nìyẹn!"

"Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀," ni Lùkúmọ́nù wí, inú rẹ̀ sì dùn dé ọrùn.

Souleymane, ọ̀gá dépò, sanra, ó sì tètè ń bínú. "Tẹlifóònù mi? Lánàá, aago mẹ́rin? Boni ni mo wà! Boni! Ẹ bi àwọn ará Boni bí mi ò bá ra ogójì àpò lọ́wọ́ wọn."

"Ta ló wà níbí?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ mi méjì. Moussa ló ń wọn kajú. Marcel ló ń la kajú wò bóyá ó dáa, òun náà ló ń sanwó lójú fèrèsé."

Moussa wá. Ọ̀dọ́kùnrin arẹwà ni, kẹ̀kẹ́ tuntun rẹ̀ sì wà lára ògiri. Issa wo kẹ̀kẹ́ náà, ó fi ojú ṣe àmì sí ọ̀gá rẹ̀: owó kẹ̀kẹ́, níbo ló ti rí i?

"Kí lò ń ṣe lánàá ní aago mẹ́rin?" ni Lùkúmọ́nù bi í.

"Ìdí òṣùwọ̀n ni mo wà, bàbá. Èmi ni mò ń pariwo kílò, kí ẹni tó wà nínú ilé lè kọ ọ́ sílẹ̀."

"Pariwo kan kí n gbọ́."

"MẸ́RÌNDÍNLỌ́GỌ́RIN!" ni Moussa ké, títí adìyẹ fi sá wọgbó.

Lùkúmọ́nù wo Albertine. Albertine mi orí lọ́nà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan lè rí. Ohùn tó ń pariwo nọ́mbà lókèèrè lánàá nìyẹn.

"Marcel ńkọ́?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ béèrè, bí ẹni pé kò kàn án.

"Ó ti lọ jẹun," ni Souleymane wí. "Ọmọ Pọ̀tọ̀nọ́vò ni, kajú nìkan ló gbé e wá síbí lọ́dún yìí. Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi bu kajú díẹ̀, mo fẹ́ lọ sun ún jẹ."

Ní ìta, Issa fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dúró de Marcel ká mú un!"

"Kí la fẹ́ fi mú un? Pé kajú ń dún? Adájọ́ á fi wá ṣẹ̀sín. Ìyá Élisabeth, ṣé o rí ojú ẹni tó gba lífúrẹ̀ lọ́wọ́ rẹ?"

"Ihò yẹn kò ju báyìí lọ. Ọwọ́ nìkan ni mo rí."

"Òun náà mọ̀ pé o kò rí òun. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Lọ se adìyẹ rẹ."

* * *

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sáré kírun Jímọ́ọ̀ tán, ó wọ aṣọ oko tó ti ya lápá, ó sì jókòó lórí àpótí nínú yàrá Albertine, ó ń bẹ iṣu. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láti Bessé ni kí ó pè é. Issa fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ títa tó pín yàrá sí méjì. Àga tó ní apá wà láàárín gbùngbùn.

"Má fún un ní nǹkan kan títí màá fi rẹ́rìn-ín," ni Lùkúmọ́nù ti kìlọ̀.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì, ó gbé báàgì aláwọ, gíláàsì dúdú sì wà lójú rẹ̀.

"A ti múra fún ìyípadà, kamaráàdì Albertine!"

"Ìjàkadì ń bá a lọ," ni Albertine dáhùn.

Ìwà ọkùnrin náà dára gan-an. Ó kí bàbá tó ń bẹ iṣu pẹ̀lú ìtẹríba, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ó jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n bí sórí rẹ̀. Albertine ń wò ó, ọkàn rẹ̀ sì ń pín sí méjì. Ṣé kì í ṣe Clément gan-an nìyí? Ṣé Ẹ̀gbọ́n kò ti ṣìnà? Bí ó bá jẹ́ Clément, tí ìrọ̀lẹ́ sì dé, ẹ̀rọ ti lọ nìyẹn.

"Ẹ kú ìrìn o," ni bàbá oníṣu wí. "Ẹ̀yin ni ẹ bá ọkọ̀ ojú irin dé yìí?"

"Èmi ni, bàbá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ni."

"Ó mà tètè dé lónìí."

"Aago méjì géérégé!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìrìn náà dùn. Mo ra búrẹ́dì ní Bohicon, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí a kọjá Glazoué tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkè Ṣábẹ̀ẹ́, mo ní, áà, ibí yìí rẹwà."

"Ọkọ̀ ò dúró lójú ọ̀nà rárá?"

"Rárá o, bàbá. Ó ń sáré ni." Ó ṣí báàgì, ó yọ bébà kan àti tàdáwà ìtẹ̀ka. "Kamaráàdì, àkókò ń lọ. Mo ní láti bá ọkọ̀ padà. Lífúrẹ̀ náà dà?"

Ọwọ́ Albertine ti wà lábẹ́ bùbá rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ó wo Lùkúmọ́nù. Ó ń bẹ iṣu. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n bọ̀ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ," ni bàbá oníṣu wí, ó na ọwọ́. Ọkùnrin náà kò lè kọ̀ fún àgbà. Lùkúmọ́nù di ọwọ́ náà mú, ó yí i sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ dúdú ní orí, awọ wọn sì ti bó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló jó yín báyìí?"

"Ẹ̀n... tàdáwà báǹkì ni."

Nígbà náà ni Lùkúmọ́nù rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí iṣu fi bọ́ sílẹ̀.

"Tàdáwà kì í bó èèyàn lọ́wọ́, ọmọ mi. Omi èèpo kajú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń là á látàárọ̀ dalẹ́. Màá sì tún sọ èkejì fún ọ. Láàárọ̀ yìí, mo ya ọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ rí ní ibùdó. Màlúù àwọn Fúlàní sùn sójú irin ní ìsàlẹ̀ Glazoué, ọ̀kan bímọ síbẹ̀, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ ojú irin tó gbé ọ wá, tó ń sáré yẹn, kò tíì dé Glazoué. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń retí rẹ̀."

Ọkùnrin náà kó bébà rẹ̀ padà sínú báàgì. "Mo... mo sọ̀ nílẹ̀, mo wọ tasíì."

"Tasíì tí ó ní fèrèsé tí ó sì dé ní aago méjì géérégé?"

Ó fò dìde, ṣùgbọ́n àga alápá kì í ṣe àga tí èèyàn ń yára kúrò lórí rẹ̀. Báàgì há mọ́ apá kan, táì há mọ́ èkejì, Issa sì ti já aṣọ títa lulẹ̀, òun àti aṣọ jọ bò ó mọ́lẹ̀. Gíláàsì dúdú bọ́. Ojú ọmọdé ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ.

"Marcel," ni Lùkúmọ́nù wí, "Moussa ń pariwo kílò ní ìta nígbà tí ò ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ọkùnrin méjì ló wà ní dépò, ọ̀kan ń pariwo. Ta ló kù?"

Marcel kò jiyàn mọ́. Ó ní òun da nọ́mbà kọ nígbà tí lífúrẹ̀ wà lọ́wọ́ òun ni, òun sì ní ọ̀rẹ́bìnrin kan ní Kútọnu tí ojú rẹ̀ jọ ti fọ́tò náà díẹ̀, òun ni ì bá lọ gba owó ní báǹkì. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ìpè yẹn ńkọ́? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Kútọnu kọ́?" Nígbà tí wọ́n sọ ti ìṣẹ́jú mẹ́ta fún un, ó fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ lu iwájú orí. "Kò sí ẹni tó sọ fún mi!"

Albertine bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jó yí yàrá ká. Àwọn ará ilé ti ń rọ́ wọlé, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ ti màlúù tó bímọ ju ti ara rẹ̀ lọ. Wọ́n pín adìyẹ náà jẹ, Marcel pàápàá rí itan kan gbà.

Nígbà tí Issa ti di okùn mọ́ Marcel lọ́wọ́ tán, Lùkúmọ́nù na ọwọ́.

"Ó yá, Ìyá Élisabeth. Mú lífúrẹ̀ náà wá kí n gbé e lọ sí bíròò. Ẹ̀rí ni, adájọ́ máa fẹ́ rí i."

Ọwọ́ Albertine lọ sí àyà rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, torí àgbà ni ó ń bá sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Ẹ ní ọlọ́pàá ni yín?"

"Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

"Aládùúgbò mi ni mo mọ̀ yín sí. Aṣọ oko lẹ wọ̀. Káàdì yín dà?"

Lùkúmọ́nù tọwọ́ bọ àpò òsì, ó tọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, èèpo iṣu ló kó jáde. Issa ń wo òrùlé, irun imú rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ó wà nílé," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí.

"Ẹ lọ mú un wá. Bí ẹ bá mú un wá, a ó jọ lọ sí bíròò, kí adájọ́ wò ó níbi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n èmi ni màá gbé ìwé mi dání lọ, èmi náà ni màá gbé e padà wálé."

Lùkúmọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín tí àwọn olè ń bẹ̀rù, èyí tó ń ti ikùn wá ni, gbogbo ilé sì bá a rín in. Ó gbọn èèpo iṣu kúrò lára, ó sì gba ẹ̀yìn ògiri lọ wá káàdì rẹ̀, Albertine dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.